Imigiréṣọ̀n ń bọ̀ wá wo ilé: ohun tí ojú mi ti rí nídìí físà ìyàwó ní Táílándì

Ẹni tó bá ti gbọ́ pé ọmọ Táílándì ni mo fẹ́, tí mo sì ń gbé láàárín àwọn èèyàn ẹ̀ níbí, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ bi mí: ṣé lóòótọ́ ni pé imigiréṣọ̀n máa ń wá ká tọkọtaya mọ́lé, pé wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á bi ìyàwó ní ìbéèrè lọ́tọ̀ kí wọ́n tún bi ọkọ lọ́tọ̀? Lóòótọ́ ni wọ́n máa ń wá. Ìyókù, ó kù sọ́wọ́ ibi tó ò ń gbé àti ọ́fíìsà tó bá kàn ẹ́, torí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti gbé ẹ̀rù lé ìbẹ̀wò yẹn lórí jù, wọ́n á wá gbàgbé gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó wá, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ohun tí wọ́n ń wá wò nílé ò ju pé ṣé ohun tó o kọ sínú pépà ló wà nílẹ̀. Ká ní pépà ò gún, kò sí bí ilé ṣe lè mọ́ tó tó máa gbà ẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá ò ṣòro láti mọ̀. Àwọn kan ti fi ìgbéyàwó orí pépà gba òǹtẹ̀, wọ́n á fún obìnrin kan lówó, wọ́n á jọ lọ forúkọ sílẹ̀ ní amphoe, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò, lẹ́yìn ẹ̀ kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Àwọn tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó ti pé 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń fi 800,000 baht, owó Táílándì, nínú báńkì dúró, wọn kì í sábà yọ wọ́n lẹ́nu dé ilé, owó ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwa tó jẹ́ pé ìyàwó la fi ń dúró, wọ́n fẹ́ rí ìyàwó, wọ́n sì fẹ́ rí ibi tá a jọ ń sùn. Mi ò bínú sí wọn.

Kí n tó lọ jìnnà, físà yàtọ̀ sí àṣẹ láti dúró o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń po méjèèjì pọ̀. Físà lo fi ń wọ̀lú, òǹtẹ̀ tí wọ́n lù fún ẹ nígbà tó o wọlé ló ń sọ ọjọ́ tó o gbọ́dọ̀ jáde. Físà tí wọ́n ń pè ní Non-Immigrant O lèmi fi wọlé, 90 ọjọ́ ni wọ́n máa ń fún èèyàn lórí ẹ̀, kó tó pé lo máa lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan ní ọ́fíìsì imigiréṣọ̀n ìpínlẹ̀ tó ò ń gbé, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù TM.7 àti 1,900 baht, pé o fẹ́ ọmọ onílùú. Tí ọdún yẹn bá fẹ́ tán, o tún máa lọ bẹ̀bẹ̀ òmíì. Kò sí pé o ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kò sí pé ṣebí ẹ ti mọ̀ mí, ọdún kẹwàá ò yàtọ̀ sí ọdún kìíní, gbogbo pépà látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún máa gbà. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ń rínúù físà, àṣẹ yẹn ni wọ́n ń rínúù, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lóhùn lóde tó o bá ń pe gbogbo orúkọ ẹ̀.

Ìròyìn 90 ọjọ́ tún wà lọ́tọ̀. Gbogbo àjèjì tó bá ti dúró ju 90 ọjọ́ lọ láìjáde gbọ́dọ̀ lọ sọ fún wọn pé ibi báyìí lòun ṣì ń gbé, fọ́ọ̀mù TM.47 ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀, o lè ṣe é láti 15 ọjọ́ ṣáájú títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn, o sì lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí wẹ́ẹ̀bù wọn bá wà nínú ìṣesí dáadáa. Tó bá kọjá ẹ̀, 2,000 baht ni owó ìtanràn. Ìròyìn yẹn ò fi ọjọ́ kankan kún ọjọ́ ẹ o! Mo mọ ẹnì kan tó rí ọjọ́ tó wà lórí bébà kékeré tí wọ́n fún un níbẹ̀, ó rò pé títí di ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún òun, kò wo òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù mọ́. Nígbà tó fi máa mọ̀, ó ti wà nínú overstay, ìyẹn ni pé ó ti dúró kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un. 500 baht lójoojúmọ́ títí dé 20,000 ni ìtanràn ẹ̀, ìyẹn sì rọrùn torí òun fúnra ẹ̀ ló lọ. Láti oṣù kẹta ọdún 2016, tọ́lọ́pàá bá mú ẹ kó o tó lọ fúnra ẹ, tó ò tíì pé ọdún kan pàápàá, ọdún 5 lo ò ní lè wọ̀lú wọn mọ́, tó bá lé lọ́dún kan ó di 10.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. 400,000 baht, nínú àkáǹtì báńkì Táílándì, lórúkọ ọkọ nìkan, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ fún oṣù méjì gbáko kó tó di ọjọ́ tó o gbé pépà lọ. Àbí kó o fi hàn pé ò ń gba 40,000 baht lóṣù ó kéré tán, pẹ̀lú pépà láti ibi iṣẹ́ àti ti owó orí. Àwọn olùkọ́ tó wà níbí tí owó oṣù wọn ò dé 40,000 pọ̀ o, tẹ́ ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń ṣọ́ owó báńkì bí ẹní ń ṣọ́ ẹyin, ìdí nìyẹn. Oṣù méjì yẹn ló ń dá èèyàn dúró ju iye owó náà lọ. Ká sọ pé 400,000 ló wà níbẹ̀ géérégé, taya mọ́tò bẹ́, o yọ 5,000 ra taya, o sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Lójú tìẹ, owó ti pé. Lójú ọ́fíìsà tó ń fi ìka tọ ìwé báńkì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, 395,000 ló rí lọ́jọ́ yẹn, o máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù méjì látìbẹ̀rẹ̀, òǹtẹ̀ ẹ ò sì ní dúró dè ẹ́. Ẹni tó bá lágbára, kó fi díẹ̀ lé e lórí, kó má sì gba káàdì ATM sórí àkáǹtì yẹn rárá.

Àkáǹtì àjọni pẹ̀lú ìyàwó, wọn ò gbà á, bó ṣe wù kí ẹ fẹ́ràn ara yín tó. Ó wá pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, pé ìgbéyàwó lẹ fẹ́ rí ẹ̀rí ẹ̀, ṣùgbọ́n owó tá a jọ ni ò wúlò fún yín. Tó bá sì jẹ́ obìnrin àjèjì ló fẹ́ ọkùnrin Táílándì, wọn ò béèrè 400,000 lọ́wọ́ ẹ̀ rárá, wọ́n gbà pé ọkọ ló máa bọ́ ọ. Ẹ má bi mí bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, ẹ jẹ́ n máa fi tèmi sílẹ̀ ní báńkì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá ń lọ, báńkì ni mo máa kọ́kọ́ dúró sí. Wọ́n á kọ lẹ́tà pé èmi ni mo ní àkáǹtì yìí, iye báyìí ló wà níbẹ̀ lónìí, mo máa fi 100 baht kún un kí ẹ̀rọ lè tẹ ọjọ́ òní sínú ìwé báńkì, lẹ́yìn náà ni mo máa ṣe fọ́tókọ́pì gbogbo ojú ewé ẹ̀. Lẹ́tà àná pẹ̀lú ìwé báńkì òní, tí iye tó wà nínú ẹ̀ ò bára mu, ti tó kí wọ́n ní kó o padà lọ. Kí àárọ̀ yẹn má bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi o, ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn dáadáa, torí tó bá ti di Songkran, ọdún tuntun wọn, láàárín oṣù kẹrin, báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba á tì fún ọjọ́ mélòó kan, omi ni gbogbo ìlú máa ń da síra wọn lára.

Pépà tó kù, èyí tó ń jẹ́rìí sí ìgbéyàwó: Kor Ror 3 ni sátífíkéètì tó ní òdòdó lára tẹ́ ẹ lè fi kọ́ ògiri, Kor Ror 2 sì ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ gan-an tí orúkọ yín wà nínú ẹ̀. Wọ́n máa ń fẹ́ kó o lọ gba Kor Ror 2 tuntun ní amphoe láàárín oṣù tó o fẹ́ lọ, torí ìyẹn ló fi hàn pé ẹ ò tíì kọra yín. Tó bá jẹ́ òkè òkun lẹ ti ṣègbéyàwó, Kor Ror 22 lẹ máa fi wọ́n létí lọ́dọ̀ wọn. Ìwé ilé aláwọ̀ búlúù tí orúkọ ìyàwó wà nínú ẹ̀, káàdì ìdánimọ̀ ìyàwó, ìwé ìbí ọmọ tẹ́ ẹ bá ti bímọ, máàpù bí wọ́n ṣe máa dé ilé yín, fọ́tò ilé níta pẹ̀lú nọ́ńbà ilé, fọ́tò nínú pálọ̀ àti nínú yàrá tí ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀, lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n máa ń ní kó o fọwọ́ sí pẹ̀lú bíró búlúù. Ọwọ́ á ro ẹ́.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ orúkọ, torí àwa Yorùbá ló ń bá jù. Orúkọ mi mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú pásípọ́ọ̀tù, orúkọ ìdílé ló ṣáájú níbẹ̀. Àwọn ará ibí, orúkọ tí wọ́n sọ ẹ́ ló ń ṣáájú, orúkọ ìdílé á tẹ̀ lé e, ẹni tó ní orúkọ mẹ́ta gígùn gbọọrọ bíi tèmi sì máa ń da àpótí inú fọ́ọ̀mù wọn rú. Wọ́n tún máa fi lẹ́tà tiwọn kọ orúkọ náà sínú Kor Ror, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ṣe gbọ́ ọ létí ló ṣe máa kọ ọ́. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé fún ẹ lọ́dún yìí lè kọ ọ́ báyìí, kí ti ọdún tó ń bọ̀ kọ ọ́ báyẹn, pépà méjì á sì wà níwájú ọ́fíìsà tó dà bí pé ọkọ méjì ni ìyàwó ẹ ní. Nítorí náà mo ya fọ́tò orúkọ mi bí amphoe ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó wà lórí fóònù mi, ó wà lórí fóònù ìyàwó mi, ibikíbi tá a bá ti fẹ́ kọ orúkọ mi ní lẹ́tà wọn, ilé ìwòsàn ni o, ibi iṣẹ́ ni o, èyí yẹn la máa ń gbé síwájú wọn kí wọ́n dà á kọ. Àwọn ọdún tún wà níbẹ̀: kàlẹ́ńdà wọn fi ọdún 543 ṣáájú tàwa, 2025 tiwa ni 2568 tiwọn. Ẹni tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù kó wò ó dáadáa kó má fi ọdún ìbí tiwa há àárín ọdún tiwọn.

Fọ́ọ̀mù TM.30 náà ò ṣe é fojú fò. Onílé ló gbọ́dọ̀ sọ fún imigiréṣọ̀n láàárín 24 wákàtí pé àjèjì dé sílé òun, òfin imigiréṣọ̀n wọn ti ọdún 1979 ló sọ bẹ́ẹ̀. Nílé tiwa, ìyá ìyàwó mi lonílé, màmá ò sì rò ó rí pé òun gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ọkọ ọmọ òun wà nílé òun, ó ní ṣé ẹni tó jí nǹkan ni mí ni. Ìyàwó mi ló fi fóònù ṣe é fún wọn. Tí kò bá sí bébà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ò ní fọwọ́ kan TM.7 ẹ rárá, tàbí kí wọ́n ní kí onílé lọ san ìtanràn ná.

Tí wọ́n bá gba gbogbo pépà, wọn ò ní fún ẹ ní ọdún kan lójú ẹsẹ̀. Òǹtẹ̀ pé wọ́n ṣì ń gbé e yẹ̀ wò ni wọ́n máa lù, 30 ọjọ́ ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á kọ ọjọ́ tó o máa padà wá sí i. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n lè wá sílé, àwọn ọ́fíìsì míì sì wà tí wọ́n máa ń wá kó o tó mú pépà wá rárá. Àwọn tiwa, ìyàwó mi ni wọ́n máa ń pè, wọn kì í pe èmi. Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ tó bá di ọ̀sán, ẹ fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ lórí Line, ìyẹn ló dúró fún WhatsApp lọ́dọ̀ wọn. Ibi tí máàpù ti wúlò nìyí. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé Google Maps nìkan torí ọ̀nà abúlé wa ti sọnù níbẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ yà á: tẹ́ ẹ bá ti kọjá tẹ́ḿpìlì, ẹ yà sọ́wọ́ òsì níbi ilé ìwé, ilé kẹta tó ní géètì pupa. Ìyàwó mi á fi èdè wọn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá, àwọn méjì ni, ọkùnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀ àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gbé kámẹ́rà. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bíi gbogbo èèyàn níbí, màmá gbé omi tútù fún wọn, wọ́n kí i pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì níwájú àyà, ara mi wá balẹ̀, mo ní àwọn tó ń kí àgbà báyìí ò wá jà. Wọ́n yà wá níwájú nọ́ńbà ilé, èmi, ìyàwó mi àti ọ̀kan nínú wọn. A wọ pálọ̀, a jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú pépà wa, wọ́n tún yà á. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí yàrá, a ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní ká jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ kámẹ́rà, ó tán.

Ìbéèrè ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí fọ́tò ń lọ, wọn ò pe ẹnì kankan sí kọ̀rọ̀. Níbo lẹ ti pàdé, ta ló wà nílé yìí, iṣẹ́ wo ni ọkọ ń ṣe, ọjọ́ wo ló máa ń lọ, ta ló ń sanwó iná, kí lorúkọ ìnagijẹ ìyàwó ẹ. Ìyẹn gan-an, ẹ fọkàn sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ Táílándì ló ní orúkọ kúkurú kan tí wọ́n ń pè é nílé àti níbi iṣẹ́, èyí tó wà nínú káàdì ìdánimọ̀ kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọkọ tí ò bá mọ ìnagijẹ ìyàwó ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí jù ni ti òdì kejì ẹ̀: àwọn ọkọ tó mọ ìnagijẹ dáadáa, tí wọn ò lè pe orúkọ àti orúkọ ìdílé ìyàwó wọn bó ṣe wà nínú káàdì, ká má tíì sọ pé kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ lọ kọ́ ọ. Tiwọn náà gùn, ẹ̀san ni.

Mo rò pé ó ti parí nígbà tí wọ́n wọ bàtà wọn padà. Wọ́n kàn sọdá sí òdìkejì títì, lọ́dọ̀ ìyá kan tó jẹ́ pé iwájú ilé ẹ̀ ló máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ju bí wọ́n ṣe pẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ. Ẹ̀rín ni mò ń gbọ́. Ìyàwó mi ní ìyá yẹn ń sọ fún wọn pé mo máa ń fọ aṣọ, pé mo máa ń sáré láàárọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, pé òun ti sọ fún mi kí n má jáde láìdé fìlà torí oòrùn. Ó bu ọwọ́ lùwé fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n tún yà lọ́dọ̀ olórí abúlé kí wọ́n tó lọ. Èmi nìkan ni dúdú tó wà lábúlé yẹn, ẹni tó bá ní òun ò rí mi rí, á jẹ́ pé ojú ń dùn ún.

Ó yé mi lọ́jọ́ yẹn pé àwọn aládùúgbò ni wọ́n wá rí. Èmi àti ìyàwó mi lè jọ kọ́ ọ̀rọ̀ tá a máa sọ, ìyá òdìkejì ò ní kọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé kóńdò ní ìlú ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí nira fún. Ọkọ gidi, ìyàwó gidi, ilé gidi, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó máa ń wọlé nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ síra wọn. Imigiréṣọ̀n bi ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án, ó ní obìnrin yẹn nìkan lòun mọ̀. Kò purọ́. Wọ́n tún padà wá, wọ́n wo káàdì tó fi ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n bi ẹ̀ṣọ́ alẹ́, ìyẹn ní á, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló máa ń kí mi lálaalẹ́. Ẹ̀ṣọ́ alẹ́ yẹn ló gbà á sílẹ̀. Àtìgbà yẹn ló ti lọ fi ara ẹ̀ han àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kóńdò, ó sì ń rí i pé òun ń kí àwọn tí wọ́n jọ ń wọ ẹlifétọ̀. Àwa tí wọ́n kọ́ ní ìkíni láti kékeré, kí ló ń ṣe wá tá a fi ń wọlé tá a ń jáde bí ẹni tó jẹ gbèsè?

Ẹ má ṣe ilé bíi sinimá sílẹ̀ dè wọ́n. Ìyàwó ẹnì kan tí mo mọ̀ gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́ gbogbo ògiri, ó tún tò ó sórí fíríìjì, ọ́fíìsà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé láàárọ̀ yìí lẹ ṣègbéyàwó ni. Ilé téèyàn ń gbé máa ń rí wúruwùru díẹ̀, ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni kó o kọ sínú fọ́ọ̀mù pé ibí lò ń gbé nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ míì, tó o sì ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ẹ sọ ọ́ fún wọn láti ọ́fíìsì. Ẹ ní iṣẹ́ mi wà níbí, ọjọ́ báyìí ni mo máa ń wálé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá lọ́jọ́ báyìí. Ọdún kan wà tí wọ́n pe ìyàwó mi nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, ó ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní ká fi fídíò pè wọ́n lórí Line tí mo bá dé, a yí kámẹ́rà ká ilé, màmá kí wọn, ìyẹn náà tó wọn. Àwọn ọdún míì wọn ò tiẹ̀ wá rárá. Má fi ìyẹn sọ pé wọn ò ní wá mọ́.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí wọ́n fún wọn ní nǹkan tí wọ́n bá wá. Omi, èso tí màmá bá gé sílẹ̀, ó parí. Èmi ò fún ẹnikẹ́ni lówó, kò sẹ́ni tó bi mí. 1,900 yẹn lo san, wọ́n sì máa ń fún ẹ ní rìsíìtì ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì tiẹ̀ ń bí mi nínú. Wọ́n á ní kó o má ṣèyọnu, àwọn máa bá ẹ gbé owó sí àkáǹtì, àwọn máa bá ẹ wá òǹtẹ̀, o ò ní rí ẹnikẹ́ni nílé ẹ. Òǹtẹ̀ tó wá láti ìpínlẹ̀ tí o ò gbé rí, tó sọ pé ibẹ̀ lò ń gbé, ìwọ ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù ẹ, kì í ṣe éjẹ́ǹtì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wò ó dáadáa, éjẹ́ǹtì ò ní gbé fóònù. Tó bá jẹ́ ẹni tó máa bá ẹ kọ fọ́ọ̀mù lédè wọn lò ń wá, tàbí ẹni tó máa bá ẹ túmọ̀ ìwé, ìyẹn yàtọ̀, sanwó ẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú.

Tó o bá fẹ́ jáde nílùú, kódà fún ọjọ́ méjì, gba re-entry permit, ìwé àṣẹ láti padà wọlé, kó o tó lọ. Fọ́ọ̀mù TM.8 ni, 1,000 baht fún ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 fún iye ìgbà tó bá wù ẹ́ títí ọdún ẹ á fi tán. Ẹni tó bá jáde láìgbà á, ọdún tó fi gbogbo wàhálà yìí wá ti kú lẹ́nu ibodè nìyẹn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí físà tuntun. Èmi kì í tiẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá nígbà tí òǹtẹ̀ yẹ̀ wò yẹn bá ṣì wà lórí pásípọ́ọ̀tù mi. Tó o bá ń padà bọ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025 orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa kọ káàdì ìwọ̀lú, TDAC, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó o tó dé, ọ̀fẹ́ ni. Wẹ́ẹ̀bù tó bá gba owó lọ́wọ́ ẹ fún un, ìjọba kọ́ ló ni ín.

Ẹ má gbàgbé pé ìyàwó ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Òun ló ń gba ọjọ́ kúrò níbi iṣẹ́ ẹ̀ lọ sí amphoe, òun ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní káńtà nígbà tí èmi ń mi orí bí alángbá, òun ni wọ́n ń pè. Lọ́dọ̀ tiwa, àwa méjèèjì la gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a bá mú pépà lọ, ọ̀sẹ̀ tó bá rẹ̀ ẹ́ níbi iṣẹ́, tá a sì ń jà lórí nǹkan kékeré, ká ṣáà rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Tí ẹ bá kọra yín, ohun tí àṣẹ yẹn dúró lé lórí ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ti bímọ ọmọ onílùú tí wọ́n jọ ń gbé, ọ̀nà míì wà fún un lórí ọmọ yẹn, 400,000 kan náà ni.

Èyí tí mò ń ṣe lọ́wọ́ báyìí ni pásípọ́ọ̀tù. Wọn kì í fún èèyàn ní ọjọ́ tó kọjá ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ máa kú, kódà kí gbogbo pépà pé, kí owó pé, kí ìyá òdìkejì tún bá ẹ kọrin. Tó bá ku oṣù márùn-ún lórí pásípọ́ọ̀tù, oṣù márùn-ún lo máa gbà, 1,900 náà lo sì máa san. Tuntun ni mo fẹ́ gbà ná ní ẹ́ḿbásì, lẹ́yìn ẹ̀ màá lọ ní kí wọ́n gbé òǹtẹ̀ mi kúrò nínú ti àtijọ́ sínú tuntun, ẹ̀yìn ìyẹn ni màá tó ro ọ̀rọ̀ oṣù méjì báńkì. Ìyàwó mi ti ní tí mo bá ń lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, kí n gé irun.